Èmi àti Àga Mọ́tò Àǹtí Bọ́sẹ̀

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí mo gbé áyọ́ọ̀nù wọnú mọ́tò bọ̀gìnnì kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí èmi tíṣà, tí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ́ fìlà kí, ṣe di ẹni tó ń lọ àga mọ́tò bí ẹni ń lọ ṣòkòtò.

Láyé ìgbà náà, pápá pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgàndò, ẹni tó bá sì fẹ́ lo tẹlifóònù ní láti wọkọ̀ lọ bá a níbi tó wà. Èmi àti Ṣadé ìyàwó mi háyà yàrá nínú ilé Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Ilé náà ní àgbàlá tó fẹ̀ dáadáa, ó sì ní géètì irin. Géètì yẹn ló kó bá mi. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń ta léèsì, ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò kan, tuntun pátápátá, dúdú tó ń dán, awọ gidi ni wọ́n fi ṣe gbogbo àga inú ẹ̀, funfun bíi mílíìkì. Mọ́tò náà ló fẹ́ fi gbé Yẹ́misí ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àmọ́ wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà síwájú ilé ẹ̀, wọn ò sì padà wá parí ẹ̀. Mọ́tò ò lè wọlé mọ́. Ni Àǹtí bá ní kí wọ́n wà á wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mo gbà. Ṣé ẹ rí i, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú hàn nílé wọn, kí n tó fẹ́ Ṣadé, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá jọ́ọ̀gì omi wọn bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Àǹtí wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé ọwọ́ yìí máa lè tọ́jú ìyàwó?" Kò sí ọdún Kérésì kan tí kò sọ̀rọ̀ jọ́ọ̀gì yẹn. Mọ́tò yìí ni mo fẹ́ fi pa á lẹ́nu mọ́.

"O ò ní wà á lọ síbì kankan o," Àǹtí sọ bó ṣe ń na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ṣáà máa ṣíná fún un láràárọ̀ kí bátìrì má baà kú. Fèrèsé, títì pa, nítorí eruku. Ọ̀rá tó wà lórí àga yìí ńkọ́? Bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́ tó ti wá nìyẹn. Ẹni tó bá yọ ọ́, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ̀yá ìjà."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà."

Ó gbójú sókè, ó rí igi máńgòrò kan ṣoṣo tó ń ṣíji bo àgbàlá. "Ẹ gé ẹ̀ka yìí kúrò. Ẹyẹ ò gbọdọ̀ yàgbẹ́ sí mọ́tò mi lórí." A gé e.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni Bàbá Láńlọ́ọ̀dù fúnra wọn. Àgbà ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n bá ń bọ̀, ìró sálúbàtà wọn ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ṣíná fún mọ́tò, wọ́n ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, orí ilẹ̀ ta ni mọ́tò yìí wà?"

"Ilẹ̀ yín ni, sà."

"Ó dáa. Ṣílẹ̀kùn."

Wọ́n jókòó síwájú, ọ̀rá han gooro lábẹ́ wọn. Wọ́n ní kí n tan éésì, kí atẹ́gùn tútù máa fẹ́ sí wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí Bàbá ò wá gba atẹ́gùn. Wọ́n á ká ẹsẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n á ní kí n ṣí géètì sílẹ̀, wọ́n á sì máa juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé àwọn ló rà á. Kí ni ayálégbé fẹ́ wí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú bí ẹni ń bínú, mo yọjú wo inú mọ́tò láti ojú gíláàsì. Lábẹ́ ọ̀rá, àga tí Bàbá máa ń jókòó lé ti hunjọ! Mọ́tò tí kò tíì rìn dé Ìkòtún, àga ẹ̀ ti dàbí iwájú orí arúgbó.

"Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Àǹtí," ni Ṣadé wí.

"Kí wọ́n lè sọ pé mo ti fọ́ jọ́ọ̀gì kejì? Rárá o."

Mo wá múra gírí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Bàbá, ẹ má bínú, sà. Ẹ ò ní lè jókòó níbí mọ́. Àga ti ń hunjọ."

"Ìdí tèmi ló hun ún jọ? Ṣé òkúta ni mo dè mọ́dìí ni?"

"Ẹ tóbi díẹ̀ ni, sà."

Àwọn ayálégbé tó ń pọnmi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí, wọ́n wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n yí ṣòkòtò wọn ró. "Èmi ni mo tóbi. Kò burú, Tíṣà. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n wọlé, wọn ò sì dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí wọn.

Mo rò pé ìṣòro tán. Ara mi ni mo ń tàn. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ńṣe ni àga ń hunjọ sí i. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa tó máa ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, wá gbà mí nímọ̀ràn. "Tíṣà, tí awọ ara ènìyàn bá gbẹ tó hunjọ, kí la fi ń pa á? Ṣebí àdí àgbọn ni. Ṣé ti màlúù kì í wá ṣe awọ ni?"

Ẹ wò ó, mo ka ìwé o, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti kù díẹ̀ káàtó. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀rá, mo fi àdí ra àga náà dáadáa. Kó tó di ọ̀sán, inú mọ́tò ti ń ta sánsán bí ibi tí wọ́n ti ń dín nǹkan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, èèrà ti dé, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí àwọn ọmọ iléèwé mi lórí ìlà, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, wọ́n gba ìkejì jáde. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe mọ́ èèrà.

Ọ̀la ni Àǹtí máa wá gbé mọ́tò. Mo jókòó, mo ro ó: kí la fi ń na ohun tó bá hunjọ? Áyọ́ọ̀nù! Inú mi dùn sí orí mi. Ṣadé ti lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́kun. Mo fa wáyà gba ojú fèrèsé jáde, mo rẹ aṣọ sínú omi, mo fún un, mo tẹ́ ẹ sórí àga, lórí ọ̀rá tí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọ, mo wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹ̀ẹ̀kan, ó ń lọ geere. Mo tiẹ̀ ń súfèé. Ẹ̀ẹ̀kejì, òórùn yí padà. Ọ̀rá ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ, aṣọ lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù, èéfín sì sọ. Mo fà á, kò tú. Mo figbe ta.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni omi bókẹ́ẹ̀tì kan lójú mi.

"Iná!" Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ń pariwo, bókẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. "Tíṣà fẹ́ jó ilé mi!" Ìyá Ìbejì ló sáré yọ wáyà kúrò lára iná.

Ọlọ́run yọ mí, aṣọ tútù yẹn ò jẹ́ kí awọ jó. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ti bàjẹ́. Kò sí ọgbọ́n mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya á kúrò, àti ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ṣí ti ẹ̀yìn báyìí, ooru ru jáde, abẹ́ ọ̀rá ń làágùn. Àga ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò fìdí kàn rí hunjọ ju ti iwájú lọ!

Bàbá yọjú wọlé. "Tíṣà, ta ló ń jókòó sẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Ṣé èmi tí mo tóbi ni mo na ìdí débẹ̀?"

Ojú mi wá là. A gé ẹ̀ka máńgòrò, a ti fèrèsé, a sì fi ọ̀rá dì í. A ti se awọ yìí bí mọ́ínmọ́ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n fi omi wọn ṣe. "Bàbá, ẹ foríjì mí, sà."

"Dìde jàre. O ti tutù tó."

Nígbà tí Àǹtí dé láàárọ̀, kò tiẹ̀ rí híhunjọ ná. "Ta ló yọ ọ̀rá?" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó wá wo àga. "Yéè! Mo mọ̀ ọ́n! Ọwọ́ tó fọ́ jọ́ọ̀gì!"

Kí n tó lanu, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti bọ́ síwájú. "Màdáàmù, ẹ má nà án. Mo jókòó síwájú lóòótọ́. Ẹ wá wo ẹ̀yìn tí ẹnì kankan ò jókòó sí. Oòrùn àti ọ̀rá yín ló sè é."

Àǹtí fọwọ́ kan àga ẹ̀yìn. Ojú ẹ̀ kàn yí padà lójijì. "Ṣadé," ó ní, "àwọn àga pálọ̀ mi!"

Gbogbo wa la mọ àwọn àga awọ ọ̀hún. Láti ìgbà tó ti rà wọ́n, ọ̀rá wà lórí wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń bá wọlé. Òun àti Ṣadé bá ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá kíákíá. Ṣadé ló wá ròyìn fún mi pé bí Àǹtí ṣe ya ọ̀rá àkọ́kọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

Kò tọrọ àforíjì o, ẹ má retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ìyá Ìbejì tẹ́ aṣọ funfun kan sórí àga, Àǹtí sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi níwájú gbogbo ẹbí. "Ìwọ ni kó o wà á. Ìwọ àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara yín." Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ jọ́ọ̀gì mọ́. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìdímù, ọkọ ìyàwó fa imú lẹ́yìn mi, ó bi Yẹ́misí léèrè pé, "Ta ló ń dín nǹkan ládùúgbò yìí?" Mo tẹjú mọ́ títì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tó di ẹ̀bi ru ìdí ẹlòmíràn, kí n kọ́kọ́ wo àga ẹ̀yìn. Ìkejì ni pé ohun tí a bá rà, ká jẹ́ kó mí. Mo rò pé Ṣadé náà kọ́ ọ. Láìpẹ́ yìí la ra àga tuntun sí pálọ̀, mo nawọ́ sí ọ̀rá ẹ̀ kí n ya á. "Ẹ fi í sílẹ̀ ná," ó ní, "títí àlejò gidi á fi dé."

Orí ẹ̀ ni mo wà tí mo ń kọ èyí. Bí mo bá sún díẹ̀ báyìí, á han gooro. Mò ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mo rọra ń rín in, torí ìyàwó mi wà ní kíṣìnì.