Jẹ́ Kí Ẹṣin Rìn

Láàárọ̀ Sátidé, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin bá Àdúmáadán, ẹṣin tó fẹ́ràn jù, nílẹ̀ níbi tó ti ń yí gbirigbiri, tí òógùn bò ó. Ó sáré pe dókítà ẹran, ìyá àgbàlagbà kan, ṣùgbọ́n ohùn ń já lórí fóònù.

"Màmá Dókítà, ẹ gbà mí! Ẹṣin mi ń kú lọ!"

"Fara balẹ̀, ọmọ mi. Kí lo rí?"

"Ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń bojú wo ikùn ara ẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó dìde. Kò fẹnu kan koríko."

"Inú ló ń run ún. Ṣé ìgbẹ́ ti jáde?"

"Igbe kẹ̀? Mo ti ké e títí, gbogbo àdúgbò ló gbọ́!"

"Ìgbẹ́! Ohun tí ò ń fi ṣọ́bìrì kó!"

"Áà! Kò sí o. Ilẹ̀ mọ́ bíi páálọ̀."

"Ìyẹn gan-an ló burú. Kó koríko kúrò níbẹ̀. Ṣí ètè rẹ̀, kí o wo erìgì rẹ̀. Báwo ló ṣe rí?"

Ọkùnrin náà sáré síwájú dígí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó yanu.

"Ó pọ́n dáadáa, Màmá, àmọ́ eyín kan ti ká lápá òsì."

"Eyín ẹṣin ká?"

"Eyín tèmi ni."

"Ẹnu ẹṣin ni mo ní kí o wò, ìwọ ọmọ yìí!"

Ó padà lọ wò ó. "Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun."

"Ọpẹ́ ni. Mo ti wà lójú ọ̀nà. Jẹ́ kó máa rìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

"Kó máa rín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Má jẹ̀ẹ́ kó yí mọ́!"

Ọkùnrin náà yọ ahọ́n, ó fi ìka ti imú sókè, ó jó yípo. Àdúmáadán kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, kò rín o! Mo ti pa àwàdà mẹ́ta fún un."

"Ta ló ní kí o pàwàdà? Fi okùn fà á, kí ẹ jọ máa rìn! Ẹsẹ̀ ni mo wí!"

"Háà! Ṣé kí n kọ́kọ́ fún un ní oògùn inú rírun ìyá mi?"

"O ò gbọdọ̀! Ó lè bo ohun tí mo fẹ́ rí mọ́lẹ̀."

Wọ́n rìn yí àgbàlá ká. Nígbà tí ọkọ̀ dókítà yóò fi wọlé, omijé ti gba ojú ọkùnrin náà. Màmá gbé ẹ̀rọ lé ìhà ẹṣin láti gbọ́ inú rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó dúró. Kò pẹ́, Àdúmáadán gbé ìrù sókè: pọ́tọ́, pọ́tọ́, pọ́tọ́. Ọkùnrin náà dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Á yè," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan títí dàárọ̀ ọ̀la, àfi omi."

Àdúmáadán na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú tú àpò ṣòkòtò ọkùnrin náà wò. Ọkùnrin náà rọra fara pa mọ́ sẹ́yìn dókítà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Èmi ò lè wojú ẹ̀ sọ ọ́."