Tapíókà Nínú Kíláàsì Kẹ́místìrì

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò wá wo iṣẹ́ mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ì bá wù mí kó kúrò. Mò ń wẹ Àfí ọmọ mi lọ́wọ́, ọṣẹ ṣì wà lórí rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pé àárọ̀ yẹn gan-an ni àlejò ń bọ̀. Olùkọ́ tí abúlé fúnra wọn wá ni mí, lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Moretan, torí ìjọba kò rán ẹni tó mọ kẹ́místìrì sí wa. Ìwé girama nìkan ni mo kà. Bí alábẹ̀wò bá fọwọ́ sí i, ìjọba á gbà mí síṣẹ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó tán.

Mo fa ọmọ lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́, mo nawọ́ gán agolo mílíìkì kan lókè ààrò. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń tọ́jú yúríà tó bá ṣẹ́kù sí, ajílẹ̀ funfun tí à ń fi sí àgbàdo, torí bí ọ̀rinrin òjò bá kàn án, yíyọ́ ló ń yọ́.

Ní kíláàsì, mo kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Mo ní ajílẹ̀ tí àgbàdo ò bá jẹ tán, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú erùpẹ̀ á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lọ bo ayé bí aṣọ ìbora. Ooru á há sábẹ́ rẹ̀, òjò á máa ṣe ségesège. Ọmọbìnrin kan bèèrè pé bí àwọn ò bá wá fi ajílẹ̀ sóko mọ́, ṣé ebi ò ní pa àwọn kí ooru tó dé. Mo ní kí wọ́n má fọ́n ọn káàkiri, ìwọ̀nba ni kí wọ́n bò mọ́ ìdí àgbàdo. Alábẹ̀wò mi orí. Orí tèmi náà wú.

Ni mo bá ní kí wọ́n wá fi imú ara wọn gbọ́ bí ajílẹ̀ ṣe ń fò lọ. Mo da ohun inú agolo sómi lórí iná, mo ń rò ó. Òórùn bí ìtọ̀ ló yẹ kó jáde (kì í ṣe ìyẹn ló ń mú ayé gbóná, mo ti ṣàlàyé bẹ́ẹ̀). Kàkà bẹ́ẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ó ń dán, ó ń fà.

"Madamu," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, "ṣúgà ńkọ́?"

Tapíókà ni mò ń rò, ẹ̀kọ́ ẹ̀gẹ́ tí ọmọ mi ń mu láràárọ̀, tí agolo rẹ̀ jọ ti yúríà lókè ààrò. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe sọ sí mi lọ́kàn: bí tapíókà bá wà níbí, kí ni wọ́n ń sè nílé?

Mi ò tọrọ àyè. Mo gba iwájú alábẹ̀wò kọjá tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Ó ń pè mí. Mi ò wẹ̀yìn.

Mo bá ìyá ọkọ mi níbi tó ti ń pààrọ̀ pátá fún Àfí. "Ìyàwó," ló wí, "ọmọ rẹ tọ̀ sára, mi ò kàn rí ojú ibi tó tọ̀ sí ni." Ìkòkò ló ń rùn: yúríà ló ti dà sínú rẹ̀. Ìtọ̀ tó ń wá kiri ni kò jẹ́ kó tíì bu oúnjẹ fún un. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Wọ́n ní mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú iná tó ń jó, òótọ́ sì ni. Yúríà ilé wa ti kúrò lókè ààrò. Bó bá fẹ́, kó yọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí ẹni tó bèèrè ṣúgà, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í dé ikùn.

Nígbà tí Àfí bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sílé-ìwé mọ́, mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Àwọn yẹn ti rí olùkọ́ mìíràn. Ibo ni èmi ì bá ti rí Àfí mìíràn?"