Antẹ́nà Mọ́kúolú àti Iṣu Tuntun Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó dúró sórí òkè kì í ka òkè mọ́ gíga ara rẹ̀? Ẹ má mi orí sí mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni, ẹ̀yin náà wá ń pa á kiri. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló bí òwe náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bi mí pé àgbà wo ló mọ kọ̀ǹpútà, kó fara balẹ̀ ná, nítorí àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ṣì wà láyé, ó sì ń jẹ iṣu.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àjìnà, Mọ́kúolú lorúkọ rẹ̀. Èjìká òkè ńlá kan ni ìlú náà wà. Ìyẹn ni pé òkè ṣì kù lẹ́yìn wọn tí wọn ò gùn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní àṣà kan. Bí ẹ bá bi wọ́n pé báwo ni nǹkan ṣe ga tó, láti ìsàlẹ̀ pátápátá, létí odò, ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ilé ewúrẹ́ wọn ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ará ìsàlẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ti ga ju ọlọ́pàá lọ kó tó di ọ̀sán. Télọ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ òótọ́ fún, nítorí ṣòkòtò.

Mọ́kúolú fẹ́ràn rédíò. Kì í ṣe rédíò ìròyìn o, èyí tí èèyàn fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lókèèrè ni, tí kò gba káàdì, tí wọn kì í sì í fi ṣòwò. Ìfẹ́ ọkàn lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ṣe ìdánwò, ìjọba fún un níwèé àṣẹ, ó wá ri páìpù irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí Fadérera ìyàwó rẹ̀ ti ń sá ata, ó gbé antẹ́nà sórí rẹ̀. Ohun kan ló ń wù ú láti mọ̀: ohùn òun, ibo ló ń dé gan-an? Bó bá sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń dúró wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ju òkò tí kò gbọ́ ìró rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ló fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí ojú-ewé kan lórí ayélujára tó lè sọ fún un. Ẹ ó fi ibi tí ẹ wà hàn án, ẹ ó sọ agbára rédíò yín àti bí antẹ́nà yín ṣe ga tó, yóò sì kun máàpù fún yín: àwọ̀ ewé níbi tí ohùn yín yóò ti já geere, funfun níbi tí ẹnu yín ò ní dé. Mọ́kúolú tẹ orúkọ ìlú rẹ̀, òkè wọn sì yọ sí i, àti gegele àti kòtò. Ẹnu yà á. Ta ló sọ fún un? Ó wá àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé, ó bá a níbẹ̀. Ó wá kòtò tó já sí nígbà èwe, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè antẹ́nà. Báwo ló ṣe ga tó? Mọ́kúolú, ọmọ Òkè-Àjìnà, bẹ̀rẹ̀ láti etí odò. Ó mú gíga òkè, ó ro gíga páìpù mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú-ewé náà, tó ti mọ òkè tẹ́lẹ̀, gbà pé páìpù kan tó ga ju òkè lọ wà lórí òkè. Ó bá kun máàpù. Àwọ̀ ewé bo ìlú mẹ́rin tó wà níwájú, ó gun òkè kọjá, ó sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó bo Ìdó-Àfọn pátápátá.

Ìdó-Àfọn ni wọ́n ti bí Fadérera. Fóònù kì í mú níbẹ̀. Wọ́n sì ní òfin kan: lọ́jọ́ iṣu tuntun, ìyá kì í fi nǹkan kan ẹnu títí yóò fi gbọ́ ohùn àkọ́bí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Fadérera, tó jẹ́ àkọ́bí, máa ń wọkọ̀ yí òkè náà ká lọ kí ìyá rẹ̀.

"Ìyá Ṣèyí, o ò ní lọ lọ́dún yìí," Mọ́kúolú ní. "Inú ilé ìdáná níbí ni wàá ti kí wọn."

"Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi ti dàgbà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ, àárọ̀ ló sì ń lọ. Tí rédíò yín ò bá mú ńkọ́?"

"Wo máàpù." Ó na ìka sí Ìdó-Àfọn. "Ṣé o rí funfun kankan níbẹ̀?"

Fadérera ò rí funfun. Ó gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Mọ́kúolú fi rédíò ọwọ́ kan àti ìròyìn kọ̀ǹpútà tó mọ gbogbo òkè ránṣẹ́ sí Ògúnlùsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìdó-Àfọn, tí òun náà níwèé àṣẹ, pé kó jókòó ti Ìyá, kó sì kọ́ wọn pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán gbọ́dọ̀ ní "ó kù sọ́wọ́ yín" kí ẹnì kejì tó fèsì.

Ọjọ́ iṣu tuntun pé. Ọkọ̀ lọ. Mọ́kúolú tẹ bọ́tìnnì.

"Ìdó-Àfọn, Mọ́kúolú rèé. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Rédíò ń ṣe ṣìì, bí àkàrà nínú epo.

Ó tún pè. Ohùn kan dáhùn, Mọ́kúolú sì fò dìde, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ni láti ọ̀kan nínú ìlú mẹ́rin iwájú. "Mò ń gbọ́ ọ ketekete. Ẹ kú ọdún iṣu. Ó kù sọ́wọ́ ẹ."

"Ṣé o gbọ́?" Mọ́kúolú sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Máàpù ò purọ́."

"Ṣé ọ̀gbẹ́ni yẹn ni ìyá mi?"

Mọ́kúolú pe àwọn aládùúgbò. Wọ́n hú páìpù, wọ́n so ọparun mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n tún un nà ró. Ata Fadérera fọ́n ká sílẹ̀. Ìdó-Àfọn ò dáhùn. Ó mú rédíò ọwọ́ tirẹ̀, ó gun òrùlé ara rẹ̀, ó gun ti aládùúgbò tó ga jù ú lọ. Ṣìì. Gbogbo onírédíò ìlú mẹ́rin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì pa rédíò wọn mọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan á béèrè pé, "Ṣé Ìyá ti jẹun?"

Oòrùn kọjá àtàrí. Fadérera jókòó sórí àpótí ìdáná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ ìyá mi," ó ní. "Wọn ò ní jẹ." Kò pariwo, ìyẹn ló sì dun Mọ́kúolú jù. Ojú tì í gan-an. Síbẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́ tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ibo ni ohùn náà ń dúró sí?

"Jẹ́ ká gun òkè," ó ní.

"Òkè wo? Ṣebí orí òkè la wà?"

"Ó ṣì kù díẹ̀," Mọ́kúolú ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Kò tíì sí ọmọ Òkè-Àjìnà tó sọ irú rẹ̀ rí.

Wọ́n ń gùn, wọ́n ń pè. Ṣìì. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ góńgó òkè, ó dà bíi pé ẹnì kan wà nínú ṣìì náà. Wọ́n dé orí àpáta tó wà lókè pátápátá, rédíò sì mọ́ gaara.

"Fadérera, ebi ń pa mí o. Ó kù sọ́wọ́ ẹ."

Mọ́kúolú kọjú sí ìlú rẹ̀ nísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Ìyá, ẹ kú ọdún! Mò ń gbọ́ yín bí ẹni pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níbo lẹ wà? Ó kù sọ́wọ́ yín."

"Mò ń wo ìpàkọ́ ẹ. Ó kù sọ́wọ́ ẹ."

Mọ́kúolú yí padà. Ìyá rèé lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, rédíò lẹ́nu. Ògúnlùsì àtàwọn ọkùnrin tó gbé àga náà ti nà sílẹ̀ gbalaja, òógùn bò wọ́n. Wọ́n ti ń wá ohùn Mọ́kúolú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìta gbangba, láti ìta gbangba dé ìdí òkè, títí wọ́n fi gba ẹ̀yìn gùn ún tán. Obìnrin kan gbé iyán tẹ̀ lé wọn, nítorí Ìyá ní níbi tí òun bá ti gbọ́ ohùn ọmọ òun lòun á ti jẹun.

Fadérera kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ọdún. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé."

"Àṣẹ, ọmọ mi." Ìyá bu òkèlè. Wọ́n ń jẹ ẹ́ títí ìdajì iyán fi lọ. Ìgbà náà ni wọ́n wá wo Mọ́kúolú. "Àna mi, kí lo sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ gan-an?"

"Mo sọ bí antẹ́nà ṣe ga tó ni, Ìyá."

"Páìpù ẹ̀yìnkùlé yẹn?"

"Páìpù àti òkè."

"Òkè tóun náà ti rí?"

Mọ́kúolú yọ fóònù. Ó ṣí ojú-ewé náà, ó yọ òkè kúrò, ó fi páìpù nìkan sílẹ̀. Àwọ̀ ewé dúró lórí ìlú mẹ́rin iwájú, ṣùgbọ́n ó sá kúrò lẹ́yìn òkè, Ìdó-Àfọn sì funfun bí iyán ọwọ́ Ìyá. Orí àpáta tí wọ́n wà yìí gan-an ni àwọ̀ ewé náà ti dúró. Mọ́kúolú wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti wá mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń dúró sí.

Ìyá fi ọwọ́ tí kò sí nínú iyán gbé rédíò sẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn lè tó Mọ́kúolú níbi tó wà.

"Mọ́kúolú, ẹni tó dúró sórí òkè kì í ka òkè mọ́ gíga ara rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ ẹ."

Wọ́n ti gbàgbé pé góńgó òkè làwọn wà. Gbogbo ibi tí máàpù ti kùn lọ́jọ́sí, àti èyí tó fi ẹ̀tàn kùn, ohùn Ìyá dé ibẹ̀ lóòótọ́. Kí Mọ́kúolú tó ya ẹnu, ìlú kìíní ti dáhùn, ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta àtìkẹrin ń já lura wọn: "A gbọ́ ketekete, Ìyá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Àwọn onírédíò sọ òwe náà nílé, àwọn ará ilé sọ ọ́ lọ́jà. Lónìí, bí ẹnì kan bá ń fi ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ilé bàbá rẹ̀ yangàn níwájú yín, ẹ má bá a jà. Ẹ rántí arúgbó tó jókòó sórí àpáta, tó fi ọwọ́ kan mú rédíò, tó fi èkejì wá òkèlè, kí ẹ sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: ẹni tó dúró sórí òkè kì í ka òkè mọ́ gíga ara rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ yín.