Ìtàkùn Iṣu Lápò Agbádá Bàbá Mi

Bí gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé bá parẹ́ lọ́kàn mi, ọjọ́ Àìkú ìrántí ìdásílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íkọ̀lé yóò ṣẹ́kù síbẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ eléyìí o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ṣe ni mò ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu kó gbé mi mì.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba, ohun tí mo sì mú bọ̀ níbẹ̀ jù lọ ni ìwé ẹ̀sùn kíkọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, n ó to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà, pẹ̀lú ọjọ́, aago, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Awakọ̀ kan tó já wa sílẹ̀ kí a tó dé Ìfàkì gba odindi ojú ìwé méjì lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò nítìjú, ló sọ mí ní Kóòtù Alágbèéká.

Bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni ìjọ yàn pé kí wọ́n ka ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí náà. Orúkọ àwọn mọ́kàndínlógún tó ṣán igbó ibẹ̀, tí wọ́n fi orí ru òkúta ìpìlẹ̀, ẹnu ìyá arúgbó kan ṣoṣo ni bàbá mi ti gbọ́ ọ, ìyá náà sì ti dolóògbé. Orí abala ìwé kan péré ni àwọn orúkọ wọ̀nyẹn wà.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi. Láti ilé-ìwé gírámà ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sára ìrọ̀rí àti aṣọ orí tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní agbádá tí bàbá mi yóò wọ̀ lọ ka ìtàn náà, ọwọ́ mi ni yóò ṣiṣẹ́ sí i. Kì í ṣe ọnà róbótó tí ẹ̀rọ ń ṣe sọ́rùn gbogbo ọkùnrin láti Ọ̀tùn dé Ìkọ̀lé. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni bàbá mi fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ. Ìtàkùn iṣu ni mo yàn. Àpò àyà agbádá yóò di ebè, ìtàkùn yóò hù láti ibẹ̀, yóò gun àyà lọ, yóò lọ́ mọ́ ọrùn. Ewé kékeré yóò tutù yọ̀yọ̀, ewé ńlá yóò ṣú, méjì ìsàlẹ̀ yóò ti máa pọ́n díẹ̀ bíi ti ìgbà tí iṣu bá gbó. Nígbà tí mo yàwòrán rẹ̀ tán, mo jó nínú yàrá, èmi nìkan.

Télọ̀ wa, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó tún ń kọ ohùn tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, gbìyànjú láti gbà mí là.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpò yìí lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ sí i tán, mo máa wá rán an mọ́ agbádá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ìtàkùn tí wọ́n gé sí méjì, ṣé ó lè yè? Rán an mọ́ ọn."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Ó gbé agbádá wá. Bàbá mi wọ̀ ọ́ wò, wọ́n ń rìn ká pálọ̀, ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń kàwé sókè bí ẹni tó ti wà níwájú ìjọ. Màmá mi pariwo pé iyán ń tutù. Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n jù ú sí mi, wọ́n lọ jẹun.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó tẹ̀ lé e, ayé mi dùn! Ewé àkọ́kọ́ jáde, ó rí bí ewé iṣu tí ìrì sẹ̀ sí lára. Mo ké débi pé màmá mi sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn. Ìtàkùn gba ẹnu àpò kọjá láìgé, ó kan àyà, ó ń gòkè. Lójoojúmọ́ ni mò ń yà á ní fọ́tò.

Àfi abẹ́rẹ́. Mẹ́ta ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀kan tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Mo kó wọn padà sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́jà Ìkọ̀lé.

"Ìyá, ọjọ́ Ẹtì ni mo rà á, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ yín ti kú."

Ìyá fa ọ̀kan yọ nínú páálí, wọ́n fi gún etí ìborùn ara wọn. "Ó wọlé àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé, mà."

"Ọmọ mi, uṣẹ́ rẹ ló le, kì í ṣe abẹ́rẹ́ mi. Padà sí ulé, lọ wo ohun tí ò ń gún."

Ẹ wò ó, ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé olùtajà fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́.

Nítorí mo ti mọ ọ̀daràn. Nǹkan kan ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú àpò náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Gúmù ni, èyí tí àwọn télọ̀ ń fi sínú aṣọ kó lè dúró. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí télọ̀ wa lórí fóònù. Ẹ̀sùn kìíní: o fi gúmù sínú àpò láìgba àṣẹ. Ẹ̀sùn kejì: gúmù náà kò dára, ó ń dún bí ewé gbígbẹ. Ẹ̀sùn kẹta: ó ń ṣẹ́ mi lábẹ́rẹ́. Ẹ̀sùn kẹrin: ó ń jẹ́ kí aṣọ súnkì. Ó dáhùn pé, "Àǹtí, gúmù wo?" Mo fi ẹ̀sùn karùn-ún kún un: irọ́.

Àárín ìgbà yẹn náà ni ìwé bàbá mi sọnù.

"Ibì kan tí mo mọ̀ ni mo fi sí," wọ́n ń wí, wọ́n ń tú àpótí.

Èmi náà dá ìgbìmọ̀ olùwádìí sílẹ̀. Èmi ni alága, èmi ni akọ̀wé. Mo bi màmá mi pé kí ni wọ́n fi dáná lọ́jọ́ tí wọ́n gún iyán yẹn.

"Ṣé èmi tí mo bí ọ ni ò ń bi bí ẹni mú olè yìí?"

"Màmá, ìbéèrè lásán ni."

Àbúrò mi ní òun kò ní sọ̀rọ̀ àfi bí lọ́yà òun bá dé. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Gbogbo àkókò yìí, orí itan mi ni agbádá wà. Mò ń fi ẹnu wá ìwé, mò ń fi ọwọ́ rán ewé iṣu.

Bàbá mi jókòó, wọ́n rántí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn orúkọ náà. Mẹ́rin kò wá sí wọn lọ́kàn. "Ìyá arúgbó yẹn di ọwọ́ mi mú," wọ́n ní. "Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já bọ́ nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn." Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ pé. Agbádá jáde! Obìnrin kan di aṣọ náà mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Iṣu yìí tó gún jẹ!" Orí mi wú, mo lọ jókòó sí ìlà iwájú gan-an.

Bàbá mi ka ìtàn náà dáadáa títí wọ́n fi dé orí àwọn orúkọ. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde. Ìkẹrìndínlógún kọ̀, kò wá. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n nu ojú, wọ́n fẹ́ ki áńkáṣífù sápò. Kò wọlé. Wọ́n gbìyànjú láti apá kejì. Áńkáṣífù jábọ́.

"Àpò ò lẹ́nu!" ọmọ kan kígbe lẹ́yìn, ìjọ sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi fi ọwọ́ gbo àpò náà. Makirofóònù wà níbẹ̀. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ dún káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí ló ń dún níbí yìí?"

Ta ló dìde bí kò ṣe èmi? "Gúmù ni, sà! Télọ̀ ló fi gúmù burúkú sí i!"

Ohùn tẹ́nọ̀ kan ta láàárín akọrin: "Níwájú Ọlọ́run àti pẹpẹ yìí, mi ò fi gúmù kankan sí i o!"

Bàbá mi tún tẹ àpò. Ojú wọn yí padà. "Wá síbí," wọ́n ní.

Ìrìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn gùn ju ọ̀nà Adó lọ. Télọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ akọrin rẹ̀, ó bọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì kékeré kan wà lára rẹ̀. "Àǹtí," ó rọra bi mí, "ẹ̀sùn kẹfà ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú àyà bàbá mi. Ọwọ́ mi kò fẹ́ gé e. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún!

"Ewé mélòó ló wà lórí àpò yìí?" wọ́n béèrè, wọ́n rọra sọ ọ́.

"Mẹ́tàlá, sà."

"Orúkọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣu tó bá ti gbó, à á wà á."

Mo gé ewé kìíní. Àlùfáà ṣẹ́wọ́ sí akọrin, wọ́n kọ orin kan tán, wọ́n tún un kọ, mo ṣì ń gé. Nígbà tí ìwé tí wọ́n ti kì bọ àpò lọ́jọ́ iyán yẹn jáde, ó ti lu jára-jàra ní àwòrán ewé iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Bàbá mi gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ láàárín ihò. Wọ́n pe ìkẹrìndínlógún. Wọ́n pe ìkẹtàdínlógún. Wọ́n pe ìkejìdínlógún. Wọ́n wá pe orúkọ obìnrin kan, ẹni tó ń pọn omi fún àwọn tó ń mọ ògiri.

"Ìyá bàbá mi nìyẹn!" ẹnìkan ké láàárín ìjọ, ó sì bú sẹ́kún. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá alábẹ́rẹ́ ni.

Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Ẹkún kò tíì gbẹ lójú wọn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà yẹn kọjá lọ. "Abẹ́rẹ́ mi," wọ́n ní, "ó wọlé àbí kò wọlé?"

Bàbá mi ṣì ń wọ agbádá yẹn. Ìtàkùn lọ́ mọ́ ọrùn, ó wá sílẹ̀ dé ẹnu àpò, ó sì dúró gbọnrangandan síbẹ̀. Mo ní kí n tún un ṣe, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ebè tí a ti wa iṣu rẹ̀ nìyẹn. Èmi ní tèmi, kò sí ẹ̀sùn tí mo ń kọ mọ́ láìkọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò ara mi. Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí télọ̀ náà, ní nọ́ńbà, kókó márùn-ún, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè kà á. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní tí inú bá ń bí mi, kí n kọ̀wé ẹ̀sùn.