Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Fẹ́ Fi Gba Bùrẹfẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gẹ́ dójú tì mí níwájú bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Ajórinmọ́rin ni mí ní Ìfọ̀nyìn, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá ṣe nǹkan tuntun, tó sì tètè gba ìwé lórí ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, òun ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní láti wá gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe iná gílóòbù kí ẹni tí gbogbo ayé ń yìn tó ṣe tiẹ̀; ìwé ló fi jù wọ́n lọ. Háà! Èmi náà bá wá dúrọ́ọ̀mù, mo to ìṣó sínú ẹ̀, mo ṣe é kí táyà ẹ̀yìn alùpùpù mi máa yí i. Ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ dé!

Bùrẹfẹ́ ni wọ́n ń pe ìwé náà lédè Faransé. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

“Màmá, mo fẹ́ lọ gba bùrẹfẹ́.”

Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀. Bùrẹfẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀ tipẹ́. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé mo ń padà sí iléèwé. “Bọ́n ṣáǹsì o! Wàá yege!” ni wọ́n fi ń kí mi. Ìyá kan tiẹ̀ gbé sòkòtò kakí iléèwé ọmọ ẹ̀ wá, ó ní kí n wò ó bóyá á gbà mí.

Inú bí mi. Mo di ẹ̀rọ mi mẹ́yìn alùpùpù, ó di Ko-Koumolou, lóko bàbá àfẹ́sọ́nà mi, tó ti ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí ọjọ́ ọ̀la ẹ̀ ò dájú. Mo faṣọ bo ẹ̀rọ náà kí olè má baà jí ọgbọ́n mi lójú ọ̀nà.

“Bàbá, irú ẹ̀ ò sí láyé. Ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni o.”

Bàbá wo èrò tó ti pé lé wa lórí. “Ta ló kù tí n óò sọ fún?”

Mo da ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀, mo ṣáná sí alùpùpù. Ẹ̀rọ bó èèpo. Ó bó inú ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ó ṣáà ń bó lọ ni. Nígbà tí n óò fi pa á, ẹ̀gẹ́ tó tó itan ti di pákò. Mo yọ ìṣó díẹ̀, mo tún ṣáná. Ni ìdérí dúrọ́ọ̀mù bá fò, ẹ̀gẹ́ kan jáde bí òkò, ó gbé fìlà Bàbá, ó di inú kànga.

“Ṣé ìyẹn náà wà nínú bùrẹfẹ́ yín?” Àfẹ́sọ́nà mi ló sọ̀rọ̀. Ó fi ìborùn bojú. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni.

Àbúrò Bàbá, tó ń ṣòwò ní Ìdírókò, bá na fóònù ẹ̀ sí mi. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀, ọ̀dà pupa ń dán lára ẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta èyí lódìkejì bọ́dà,” ó ní. “Àmọ́ tiwọn kì í sọ òkò.”

Mo bẹ ilẹ̀ kó lanu, ilẹ̀ kọ̀. Bàbá yọjú wo fìlà ẹ̀ nínú kànga, ó wá ní, “O lè jó ilẹ̀kùn irin tí ewúrẹ́ ò ní lè ṣí?”

“Mo lè jó o, Bàbá.”

“Lọ mú irin wá.”

Ilẹ̀kùn yẹn ni mo fi fẹ́yàwó.

Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ló ń ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ní báyìí, kí n tó pariwo pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe nǹkan, mo máa ń sọdá bọ́dà ní Igolo lọ wò ó ná bóyá wọ́n ti ń tà á. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún ń tì mí lójú.