Dókítà Gíláàsì àti Oògùn Àpá Omi

Ẹ má pè é ní afọkọ̀. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ á dúró gbọ́ àlàyé, àlàyé ọ̀hún kì í sì í parí ní kíá. Dókítà Gíláàsì ni orúkọ tó fún ara rẹ̀. Òun náà ló kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, tí lẹ́tà rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tí wọ́n fi kọ "ilé ìfọkọ̀" sábẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ra kóòtù funfun bíi ti àwọn oníṣègùn, ó fi bírò mẹ́rin sí àpò àyà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i rí kó fi ọ̀kankan nínú wọn kọ nǹkan.

Bí ọkọ̀ bá wọlé, Dókítà kì í béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fọ̀. Á fi ìka kan gíláàsì iwájú, á gbé etí lé e, á wá mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú.

"Ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣe é?"

"Kí ló ń ṣe é? Àpá omi lásán ni, àwọn tótòtótó funfun yìí."

"Lásán kẹ̀? Àwọn àgbà ní bí gíláàsì bá ń ṣàìsàn, wáípà kì í sùn."

Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tí àwa mọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an níbẹ̀ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alákìísà, torí pé àkísà kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, òun ló sì gbé oògùn náà wá láti ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Omi kànga àdúgbò yẹn le. Bí ẹ bá fi kẹ́tùrù sè é fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, inú kẹ́tùrù á funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Fínígà, omi kíkan inú ìgò nì, ni ìyá rẹ̀ máa ń dà sí i tí èèpá funfun náà fi ń yọ́. Alákìísà wá rò ó pé ohun tó wà nínú kẹ́tùrù náà ló wà lára gíláàsì.

Ó wa ọkọ̀ kan sábẹ́ ibòji, ó rẹ àkísà rírọ̀ sínú fínígà, ó sì tẹ́ ẹ sórí àpá náà kó lè mu ún dáadáa. Nígbà tó yá ó rọra nù ún. Kò gbo ó, torí iyanrìn kéékèèké tó bá há sábẹ́ àkísà ló máa ń họ gíláàsì. Ó fi omi ṣan án, ó tún fi àkísà gbígbẹ nù ún kí omi tó ráyè gbẹ. Gíláàsì mọ́ kedere, kò sí ìlà kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Dókítà wò ó tán, ó ní, "Oògùn mi ṣiṣẹ́."

Ó da aró búlúù sí i kó má baà jọ nǹkan ilé ìdáná. Ó da lọ́fínńdà sí i kó má baà rùn bíi tibẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Lajú-Ọkọ̀, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, ì bá dáa. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í sọ pé ó tó. Ó pàṣẹ pé bí wọ́n bá ti fọ ọkọ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni má fi àkísà nù ún gbẹ mọ́. Kí wọ́n gbé e sínú oòrùn.

"Bọ̀ọ̀dá, omi kànga yìí náà?" ni Alákìísà bi í. "Bó bá gbẹ sára gíláàsì, àpá á tún yọ. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n á fi padà wá."

"Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀. Bí gbogbo aláìsàn bá yá tán, kí ni dókítà fẹ́ jẹ?"

Bó ṣe di pé ọwọ́ ọ̀tún ń kó àìsàn ràn wọ́n nìyẹn, tí ọwọ́ òsì ń tọ́jú wọn. Nígbà tó yá, fínígà pàápàá wá ń dun Dókítà láti rà. Ó bu omi kànga lù ú, ìlàjì-ìlàjì. Ó tún bu òmíràn lù ú. Nígbẹ̀yìn, ìdérí ìgò fínígà kan ló ń dà sínú odidi kẹ́ẹ̀gì. Ìyókù, aró, lọ́fínńdà àti omi ni.

Àwọn oníbàárà kì í ṣe ẹrú. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ojú ọkọ̀ rẹ̀ ò là, á gba ibòmíràn lọ. Ìgbà tí wọ́n dínkù dínkù tí ó ku ọkọ̀ méjì lóòjọ́, Dókítà pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ márààrún jọ. Ó ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ háyà kan ní ogójì ọkọ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn, máníjà wọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ilé ìfọkọ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ó dáa. Bí wọn ò bá gbà, òun á ti ibẹ̀ pa níparí oṣù.

Alákìísà ro ilé rẹ̀ wò. Ọmọ méjì ló wà nílé tí kò sẹ́ni tó ń bọ́ wọn bí kò ṣe òun.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n fi fínígà gidi ṣe é lọ́jọ́ náà, lábẹ́ ibòji. Kò ní pẹ́ rárá."

"Abẹ́ ibòji? Ta ló máa rí mi níbẹ̀?"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Dókítà ti yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èyí tí kò ní wáyà, tí èèyàn lè mú dání rìn káàkiri, pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn jáde. Ó gbé àga sí ìta. Ó pe ará ilé, ó pe ará ọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Máníjà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ dúdú kan, obìnrin kúkúrú tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, Baba Dírẹ́bà tó wà á wá sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpá díẹ̀ wà ní igun gíláàsì ọkọ̀ náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó máa fi Dókítà han àwùjọ, ló bá fi ara rẹ̀ hàn.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tí ẹ ti ń retí ti dé," ló wí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló ti wà láti àárọ̀. "Ọ̀tá àpá, ọ̀rẹ́ dígí, ọkọ wáípà méjèèjì. Ó fọwọ́ kan gíláàsì, afọ́jú ń kàwé."

Ó fọ́n Lajú-Ọkọ̀ sí gbogbo gíláàsì iwájú títí ó fi di búlúù látòkè délẹ̀.

"Dókítà," ni Máníjà bi í, "kí ló ń fa àpá yìí gan-an?"

Ìbéèrè kékeré ni. Gbólóhùn kan péré ló gbà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wa ní gbohùngbohùn lọ́wọ́, ogójì ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀, àdúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò sunkún lọ́jọ́ náà, fèrèsé ni òun tẹjú mọ́. Ó dé orí ilé ìwé, ó dé orí bí gíláàsì àkọ́kọ́ ṣe bá òun sọ̀rọ̀ lójú àlá. Oòrùn ní tirẹ̀ ò gbọ́ ìtàn, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Alákìísà sún mọ́ ọn lẹ́yìn, àkísà lọ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ó ń gbẹ."

"Ṣé o ò rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ ni?"

Baba Dírẹ́bà wúkọ́. "Dókítà, aláìsàn yín ń gbẹ o."

"Ẹ ní sùúrù, Baba, mo ti ń bọ̀ níbẹ̀. Máníjà, ohun tó ń fa àpá ò ju ẹyọ kan lọ. Omi burúkú ni, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ sára gíláàsì nínú oòrùn. Òpònú afọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọdé gan-an, ẹ má gbé e fún un fọ̀."

Kò sẹ́ni tó wo Dókítà mọ́, gíláàsì ni gbogbo wọn ń wò. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sọ ọ́ di ikọ́. Dókítà yíjú padà, ó bá gíláàsì náà tí ó funfun, tí ó búlúù, tí ó rí tótòtótó láti igun dé igun.

"Àìsàn inú ló ń jáde yẹn," ó sáré sọ. "Ó gbọ́dọ̀ jáde kó tó lọ."

Ó nù ún, kò kúrò. Ó tún fọ́n oògùn sí i, ó pọ̀ sí i. Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó yọ kànìnkànìn onírin jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń họ ìdí ìkòkò. Alákìísà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé irin kọ́ nìyẹn?" ni Máníjà béèrè.

"Irin oníṣègùn ni, mà. Kì í họ nǹkan. Mo fi orúkọ mi búra."

"Kò burú. Ẹ kọ́kọ́ fi fọ tiyín ká rí i."

Ọkọ̀ Dókítà wà lẹ́nu géètì níbẹ̀. Kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tó rà á, kò tíì bọ́ ọ̀rá tó wà lórí àga rẹ̀. Ó ṣì lè sọ pé rárá. Ó ṣì lè sọ pé inú ń run òun. Àmọ́ gbogbo àdúgbò ń wò ó, ẹ̀yin náà sì mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó mú gbohùngbohùn lọ́wọ́ kan, ó mú irin lọ́wọ́ kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbo.

Kò rántí pa gbohùngbohùn. Bó ṣe ń gbo ó ni ẹ̀rọ ń ké e jáde, kírríì, kírríì, tí eyín ń kan gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ará òpópónà kejì sáré jáde láti wá wo ohun tí wọ́n ń pa. Nígbà tó da omi sí i, gíláàsì náà kún fún ìlà bí ìwé ọmọ iléèwé.

"Èyí kì í ṣe àpá híhọ," Dókítà wí. "Iṣẹ́ ọnà ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alákìísà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ogójì ọkọ̀ ló ń rí tó ń lọ, àti ọmọ méjì tó ń padà bọ̀ láti iléèwé. Ó yíjú sí Baba Dírẹ́bà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wa ọkọ̀ yìí sábẹ́ igi."

Ó yọ ìgò fínígà tó ti fi pa mọ́ sínú báàgì rẹ̀ láti àárọ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ bá mọ̀, kì í gbàgbé. Ó fi omi ṣan eruku àti aró kúrò, ó tẹ́ àkísà, ó dúró. Máníjà náà dúró. Alákìísà rọra nù ún, ó ṣan án, ó nù ún gbẹ. Tótòtótó ti Dókítà lọ, àpá igun tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà lọ. Máníjà fi ìka tọ́ ọ, ó tẹ̀ kọdọrọ wò ó, kò rí ìlà.

"Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Fínígà ni, mà."

"Èyí tí Dókítà fọ́n sí i ńkọ́?"

Alákìísà wo Bọ̀ọ̀dá, ó wo ilẹ̀. "Omi kànga ni, mà."

"Omi kànga?" ni ọkùnrin kan ké láàárín èrò. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbé ọkọ̀ mi wá síbí."

"Ọkọ̀ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," Máníjà sọ fún Alákìísà. "Ìwọ la máa bá kọ̀wé. Bó bá jẹ́ ibí lo wà, ibí la máa gbé wọn wá. Bó bá jẹ́ ibòmíràn, a ó gbé wọn tẹ̀ lé ọ. Mi ò sì fẹ́ gbohùngbohùn."

Dókítà ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti kó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ń sá lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn tàn sára gbogbo ìlà tó wà lára gíláàsì náà, iwájú di funfun fún un. Ó di pé kó yọ orí síta lójú fèrèsé, kó máa wakọ̀ bí ìgbín, kóòtù funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn èèyàn sì ń kí i lọ́tùn-ún lósì.

Gbohùngbohùn wà nínú àpò kóòtù yẹn. Ẹ̀rọ tó wà nílé ìfọkọ̀ sì ń gbé gbogbo ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ jáde, tí kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

"Yéè, gíláàsì mi. Ta ló rán mi? Oṣù mẹ́rin péré. Lọ́jọ́ Ajé ni màá gbé e wá bá Alákìísà. Èèyàn ni màá rán, mi ò ní í wá fúnra mi. Màá ní ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni."

Àwọn èèyàn ti ń yí nílẹ̀. Alákìísà náà rẹ́rìn-ín nígbà yìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó wá fún omi kúrò lára àkísà rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù pé:

"Ẹ fọkàn sí i o. Bí ogójì ọ̀hún bá tán, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá ló kàn."