Atẹ́gùn Wọ Orúnkún Màmá Xiang

Ọdún kọkànlá rèé tí Kuang Zelin ti ń kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Chongqing. Ó ti gba oyè kejì, ó ń lé ẹ̀kẹta, kò sì tíì dá fọwọ́ kan aláìsàn rí láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ dúró sí i lẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yan ní kó bá òun jókòó ti tábìlì nílé ìwòsàn, pé òun ń lọ sípàdé, kò sẹ́ni tó máa wá. Ẹsẹ̀ ọ̀gá kò tíì jìnnà tí ìyá kan fi wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àpò ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, dókítà."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó. Kí lorúkọ yín?"

"Xiang Cuifang. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Orúnkún ni."

Ó yẹ kí Kuang sọ pé òun kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, "dókítà" yẹn sì dùn létí rẹ̀ bí oyin. Ó wúkọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́.

"Ẹ yọ ahọ́n, kí n rí i."

Màmá Xiang yọ ọ́. Kuang fò sókè lórí àga.

"Màmá! Ahọ́n yín dúdú kirikiri!"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo ló ti dúdú?"

"Láti ìgbà tí mo ti jẹun àárọ̀. Yànmọ̀tí dúdú tí wọ́n lọ̀ ni mo mu."

Nínú ìwé wọn, ahọ́n dúdú, àmì àìsàn kíndìnrín ni; Kuang ti kọ odindi ìlà mẹ́ta nípa kíndìnrín tó ti fẹ́ kú tán. Ó fa ìlà gbọọrọ lé e lórí.

"Kí lẹ ń pa rẹ́ yẹn?"

"Kíndìnrín yín, Màmá. Ó ti sàn."

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn."

Kuang gbé ìka mẹ́ta lé iṣan ọwọ́ rẹ̀, ó di ojú bí àgbà. Ìwé sọ pé oríṣi méjìdínlọ́gbọ̀n ni lílù iṣan: èyí tó ń yọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú àwo, èyí tó le bí okùn tí wọ́n fà, àtàwọn yòókù. Òun ló gba ipò kìíní nínú ìdánwò rẹ̀.

"Màmá, iṣan yín ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Rárá o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Kuang lajú. Ó ti di ọwọ́ ìyá náà mú le débi pé lílù iṣan ìka ara rẹ̀ ló ń kà. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà, ó tún wúkọ́.

"Ọ̀rọ̀ yín ò le rárá, Màmá. Atẹ́gùn ló wọ orúnkún yín."

"Àtẹ̀gùn!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò dé ilé mi rí, báwo lẹ ṣe mọ̀? Àtẹ̀gùn gan-an ni!"

"Atẹ́gùn tútù ni o."

"Simẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, kò lè ṣe kó má tutù."

"Ẹ̀yìn ọrùn ló máa ń gbà wọlé."

"Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ó ń fẹ́ gan-an?"

"Fẹ̀ kẹ̀? Kò fẹ̀ rárá. Tí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri."

Bíárò Kuang ń sáré lórí ìwé. Ó dúró lójijì.

"Màmá, kí lẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Àtẹ̀gùn ilé mi. Igba ó lé mẹ́rìndínlógún. Àjà kẹsàn-án ni mò ń gbé, kò sí lífítì. Kí lẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

Kuang gbé bíárò sílẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná.

"Màmá, kí n má purọ́ fún yín. Èmi kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, oyè ni mò ń lé."

"Òye? Máa lé e dáadáa, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ." Lójú ẹsẹ̀, "ẹ" ti di "o". "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"O ò sì tíì kúrò nílé ìwé! Ó kéré tán, o mọ ewé?"

"Ìwé ni mo mọ̀, Màmá. Tí wọ́n bá ti gbẹ ewé tán, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ike rẹ̀, mo máa ń dá a mọ̀."

"Èèyàn mélòó lo ti wò sàn?"

"Ó dín díẹ̀ ní ẹnì kan."

"Kí lo wá ń ṣe nílé ìwé láti gbogbo ọdún yìí?"

"Eku."

"Eku ṣe kí ni?"

"Àwọn ni mò ń wò. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe wọ́n." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni mo máa ń kó o bá wọn. Lẹ́yìn náà, màá fún wọn lágbo."

"Wọ́n sì ń sàn?"

"Àwọn kan ń sàn dáadáa!"

"Ibo ni wọ́n wà báyìí?"

"A máa ń pa wọ́n, Màmá. Ká lè mọ̀ bóyá wọ́n sàn."

Màmá Xiang fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ó gbé àpò ẹ̀fọ́, ó dìde, ó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó dúró, ó ń wá èémí. Kuang wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tẹ ẹ̀yìn bàtà méjèèjì mọ́lẹ̀ bíi sílípáàsì.

"Màmá, ṣé bàtà yín ti ń fún yín ni?"

"Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń súnkì."

Kuang kúnlẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ojú ìka náà wọlé, kò padà, bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò.

"Lórí àtẹ̀gùn yẹn, ibo lẹ ti máa ń sinmi?"

"Àjà kẹta. Ìkẹrin. Ìkarùn-ún."

"Orúnkún ló ń dá yín dúró àbí èémí?"

Màmá Xiang bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnì kan ń gbọ́ wọn.

"Èémí ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi á kó mi kúrò nílé yẹn. Bàbá wọn ò lè rìn mọ́, ó lóun ò kúrò níbẹ̀ láéláé. Ta ló máa gbé oúnjẹ gòkè fún un? Orúnkún kì í dẹ́rù bọmọ, ni mo ṣe ń sọ pé orúnkún ni."

"Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?"

"Mẹ́ta. Tí mo bá sùn gbalaja, á dà bíi pé mo wà lábẹ́ omi."

Kuang tún mú ọwọ́ rẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí, kò di ojú. Gbì. Gbì. Kò sí nǹkan. Gbì. Kò rántí ọ̀kankan nínú oríṣi méjìdínlọ́gbọ̀n náà. Ohun tó rántí ni ìlà wọ́gọwọ̀gọ tí ẹ̀rọ máa ń yà nígbà tí ọkàn eku bá ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.

"Màmá, ọkàn ni."

"Ọ̀kan kẹ̀? Méjèèjì ni. Orúnkún ọ̀tún, orúnkún òsì."

"Ọkàn! Èyí tó wà láyà!"

"Ìyẹn náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ìdí nìyẹn tí a ò ṣe ní fi í ṣeré. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wo ọkàn wà lódìkejì, a ń lọ síbẹ̀ nísinsìnyí."

"O ò ní fún mi lágbo?"

"Èyí ju àgbo mi lọ."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Tí mo bá gún yín lábẹ́rẹ́ báyìí, èmi ni màá dákú."

"Bàbá wọn ò tíì jẹun ọ̀sán!"

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àti àpò ẹ̀fọ́ yẹn. Èmi ni màá gbé e gòkè."

Màmá Xiang wò ó látòkè délẹ̀. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí Kuang gbé wá.

Àwọn dókítà ọkàn dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Lójoojúmọ́ ni Kuang ń gun àtẹ̀gùn ilé náà. Lọ́jọ́ kìíní, àjà kẹrin ló ti jókòó sílẹ̀, tí ọmọdébìnrin kan fi bi í pé ṣé kí òun pe dókítà. Núdù tó sè, bàbá náà jẹ ẹ́ tán, ó ní ata rẹ̀ kò tó ti ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá Xiang padà wá, èémí rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti gba ẹnì kan tí yóò máa gbé oúnjẹ gòkè. Ó kọjá níwájú tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n Yan láìwo ọ̀tún wo òsì, ó jókòó síwájú Kuang, ó na ọwọ́.

"Màmá, ọ̀gá mi wà lórí ìjókòó lónìí. Ogójì ọdún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Òun ni kẹ́ ẹ lọ bá."

"Mo ti lọ bá a rí, lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá rẹ mọ̀ jù. N ò tíì jókòó tán tó ti mọ ohun tó ń ṣe mí. Ìwọ ò mọ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó o fi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán." Ó sún ọwọ́ náà mọ́ ọn. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́, má tíì kàwé tán."